Wọ́n ṣe ìyá tàbí ọmọ léṣe níbi ìgbẹ̀bí: báwo la ṣe ń gbé e dé kóòtù?

BàbáÌbejì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè yìí ń wọlé lójoojúmọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì fọ́n káàkiri, ni mo bá ní kí n ṣí ojúkò kan ṣoṣo fún un. Bí ọmọ bá fara pa níbi ìgbẹ̀bí, tàbí tí ìyá rẹ̀ fara pa, tí ẹbí sì gbà pé àìbìkítà ló fà á, kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní? Ìwé wo ni wọ́n máa gbà? Èkó àti Ìbàdàn àti agbègbè wọn ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ àwọn tó wà nílùú Ọba lè fi tiwọn kún un. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìtàn ara ẹni níbí, kò sì sí dídárúkọ ilé ìwòsàn tàbí dókítà kankan.

Lọ́yàÌsàlẹ̀Ọjà

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Ọjọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìgbẹ̀bí ló ti kú kí adájọ́ tó gbọ́ orúkọ ọmọ náà, ọjọ́ ló pa wọ́n.

Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, òfin tí à ń pè ní Public Officers Protection Act sọ pé oṣù 3 péré lẹ ní láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ náà máa ń ní irú òfin yìí tiwọn, nítorí náà kí ẹni tó bímọ sí jẹ́nẹ́rà má fọkàn balẹ̀. Oṣù 3 yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rí lọ́yà, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ pé ọdún kan tí kò tíì lè jókòó. Ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wò ó: ìyá ń tọ́jú ojú abẹ, ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun, àwọn àgbà ilé ń sọ pé ká fi í fún Ọlọ́run. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́, oṣù 3 ti lọ.

Òfin náà fi àyè kan sílẹ̀ fún ìpalára tó bá ń bá a lọ. Ẹ má gbára lé e. Ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ń sọ ni pé ìwà tó fa ìpalára náà ló gbọdọ̀ máa bá a lọ, kì í ṣe ìrora tàbí àbùkù tó ṣẹ́ kù sára. Ọmọ tí apá rẹ̀ rọ láti ọjọ́ ìbí, ìwà tó rọ ọ́ lápá ti parí lọ́jọ́ ìbí. Àyè kejì ni pé òfin náà kì í dáàbò bo ẹni tó fi èrò ibi ṣe é. Ìyẹn náà le láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ àìbìkítà kì í ṣe èrò ibi.

Ilé ìwòsàn aládàáni yàtọ̀. L'Ékòó, ọdún 3 ni fún ẹjọ́ ìpalára sí ara tó bá ti inú àìbìkítà wá. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní tiwọn, ẹ bi lọ́yà ibẹ̀. Lóòótọ́, òfin tó ń de ọjọ́ ìpẹ̀jọ́ máa ń fojú àánú wo ọmọdé, tó jẹ́ pé àgbàlagbà kan ló máa dúró fún un ní kóòtù. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù 3 yẹn ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ nà jáde, ẹ ó sì lo ọdún lórí àríyànjiyàn yẹn nìkan.

Ó tún ku lẹ́tà ìkìlọ̀. Òfin tó dá àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan sílẹ̀ sọ pé kí ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ sì dúró fún iye ọjọ́ kan, kí ẹ tó pe ẹjọ́. Ẹ má rò pé aago oṣù 3 máa dúró dè yín. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ lọ́jọ́ karùnlélọ́gọ́rin ti há.

OnífáìlìÀgbà

Lọ́yà ti sọ ti ọjọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé. Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, ẹ gba ẹ̀dà fáìlì. Tí ariwo bá ti ṣáájú, fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ohun tó bá sì ń rìn káàkiri lè já ewé.

Lẹ́tà olójú kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì. Kí orúkọ ìyá wà níbẹ̀, nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde. Ìyá fúnra rẹ̀ ni kó buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ ọkọ tàbí lọ́yà ló ń béèrè, kí ìwé àṣẹ ìyá wà lára rẹ̀, nítorí National Health Act ti 2014 ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́, fáìlì ìyàwó kì í sì í ṣe ti ọkọ. Ẹ mú ẹ̀dà 2 lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ọ̀kan, kí ẹ mú un bọ̀. Fún ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ dárúkọ Freedom of Information Act ti 2011 nínú lẹ́tà. Ọjọ́ 7 ni òfin yẹn fún wọn láti dáhùn. Fún aládàáni, ẹ dárúkọ Nigeria Data Protection Act ti 2023, tó fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ pa mọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ má kàn kọ pé "mo fẹ́ fáìlì mi". Ìwé díṣáàjì olójú kan ni wọ́n máa fún yín. Ẹ to nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan: káàdì oyún pẹ̀lú gbogbo èsì àyẹ̀wò àti sikáànù, ohun tí dókítà kọ́kọ́ kọ nígbà tí ìyá wọlé, pátógíráàfù (bébà tí wọ́n fi ń tọ́pa bí ìrọbí ṣe ń lọ), ìwé oògùn àti ti omi dírípù, ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru, fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ àti ti ẹni tó fún un lóògùn oorun, fọ́ọ̀mù ìbéèrè ẹ̀jẹ̀, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe jí ọmọ, máàkì Apgar rẹ̀ (tó ń sọ bí ara ọmọ ṣe rí ní kété lẹ́yìn ìbí), àti gbogbo ìwé wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá gbé ìyá láti ibòmíì wá, ẹ béèrè lẹ́tà tó bá a wá, ẹ sì wo aago tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti aago tó dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń jù nù ni rìsíìtì. Ní ilẹ̀ wa, ẹbí ló ń sáré ra oògùn, ìbọ̀wọ́, ẹ̀jẹ̀, àní owú pàápàá. Rìsíìtì POS ní ọjọ́ àti aago lórí. Tí dókítà bá kọ pé òun fún ìyá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ dídà ní aago 2, tí rìsíìtì oògùn kan náà sì sọ pé aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni ẹ rà á, ẹ ti rí nǹkan. Rìsíìtì POS máa ń parẹ́ bí oṣù bá ti gorí oṣù, torí náà ẹ ya á ní fọ́tò lónìí. Ẹ má pa àkọsílẹ̀ ìpè orí fóònù àti WhatsApp rẹ́ o. Kóòtù ń gbà wọ́n, bí ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin Evidence Act ń béèrè bá ti bá wọn wá. Lọ́yà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó kó bá yín jí fáìlì. Ẹjọ́ ara yín lẹ ń bà jẹ́ yẹn.

Àdùkẹ́_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá ní fáìlì ti sọnù ńkọ́?

OnífáìlìÀgbà

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọnù, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Abala 25 National Health Act ló gbé ìtọ́jú àkọsílẹ̀ lé ilé ìwòsàn lọ́rùn, torí náà ìsọnù fáìlì kì í ṣe àwáwí tó mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé fáìlì nìkan kọ́ ni ibi tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Wọ́ọ̀dù ìrọbí ní rẹ́jísítà ńlá kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ìbí sí. Tíátà ní tiẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pèsè ẹ̀jẹ̀ ní tiẹ̀, ilé ìṣàyẹ̀wò ní tiẹ̀, wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun ní tiẹ̀. Ó ṣòro kí gbogbo ìwé 5 yẹn sọnù lọ́jọ́ kan náà. Tí wọn ò bá sì fún yín, lọ́yà á ní kí kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n gbé wọn wá.

AgbẹbíAlẹ́

Ẹ kú ìpàdé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa ka pátógíráàfù, torí òun ni bébà tó máa ń sọ òótọ́ jù nínú fáìlì, tí wọ́n bá kọ ọ́ lákòókò tó yẹ.

Ti àtijọ́, tó ṣì pọ̀ ní ilé ìwòsàn wa, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ ti là tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ìlà 2 ló wà lórí rẹ̀ tó dagun. Èkíní ni ìlà ìkìlọ̀, tó kà á sí pé ẹnu ilé ọmọ ń là ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní wákàtí kan. Èkejì ni ìlà ìgbésẹ̀, tó fi wákàtí 4 jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Àmì X tó bá kọjá ìlà ìkìlọ̀ túmọ̀ sí pé ó yẹ kí wọ́n ti máa ronú: ṣé kí wọ́n gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi, ṣé kí dókítà àgbà wá wò ó? Tó bá kọjá ìlà ìgbésẹ̀ tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sí abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa tẹ ìka mọ́. Àjọ WHO gbé tuntun jáde lọ́dún 2020, tó bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 5, tí kò sì ní ìlà 2 yẹn mọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ìyá tí ara wọn le kì í yára tó 1 sẹ̀ǹtímítà ní wákàtí kan. Nítorí náà, ẹ mọ èyí tí ilé ìwòsàn náà ń lò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni pé ó pẹ́.

Ìlù ọkàn ọmọ: láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó wà. Nínú ìrọbí tó ti gbéra, ó kéré tán ní gbogbo ìṣẹ́jú 30 ni kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n sì kọ ọ́. Nígbà tí ìyá bá ń tì, ní ìṣẹ́jú 5 sí 5. Ẹ ka àwọn àmì kékeré náà. Bí ìlà bá gùn láti aago 1 òru dé aago 4 láìsí àmì kankan, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọkàn ọmọ náà fún wákàtí 3 nìyẹn, tàbí kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n má kọ ọ́. Lójú kóòtù, ohun tí wọn ò kọ ṣòro láti gbà pé wọ́n ṣe é.

Omi ọmọ ní lẹ́tà tirẹ̀: C ni omi tó mọ́, M ni omi tí ọmọ ti yàgbẹ́ sí, B ni ẹ̀jẹ̀. Omi tó ń jẹ́ C tó wá di M tó ki, tí ìlù ọkàn sì ń já wálẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ di àárọ̀.

Ẹ wo oxytocin inú dírípù pẹ̀lú, ìyẹn oògùn tó ń mú ìrọbí yá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye tí wọ́n fi sínú omi àti iye ìkán rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Tí ìrora bá ju 5 lọ láàárín ìṣẹ́jú 10, ó yẹ kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n dá a dúró, torí láàárín ìrora kan àti èkejì ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa. Àwọn kan ṣì ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí iṣan ìtàn kí ọmọ tó jáde kí ìrọbí lè yá. Èyí burú o! Abẹ́rẹ́ tó ti wọlé kò ṣeé fà jáde, ilé ọmọ lè bẹ́, pàápàá lára ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí.

Pátógíráàfù tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ máa ń jẹ́rìí tako ara rẹ̀. Bírò kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlù ọkàn 140, 140, 140 fún wákàtí 8. Aago gbogbo bọ́ sórí odo àti ọgbọ̀n géérégé. Ẹ má fẹnu ara yín sọ pé ayédèrú ni. Ẹ fi hàn lọ́yà, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Dókítà_Ọmọ_Wẹ́wẹ́

Ohun tí màmá Agbẹ̀bí sọ nípa pátógíráàfù péye. Ibi tí ẹjọ́ ti ń já sí ni èyí: ẹ lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ṣe àìbìkítà, kí ẹ má sì lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló sọ ọmọ di bó ṣe wà. Nǹkan 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àrùn ọpọlọ tó ti ara àìrí afẹ́fẹ́ níbi ìgbẹ̀bí wá kì í pẹ́ kó tó fara hàn. Láti wákàtí àkọ́kọ́ ni ọmọ á ti rọ, tàbí tí kò ní mí dáadáa, tí kò ní lè mu ọmú. Gìrì sì sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kan. Ọmọ tó ké, tó mu ọmú, tó lọ sílé lọ́jọ́ kejì, tí wàhálà rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, ìgbẹ̀bí kọ́ ló jọ pé ó ṣe é. Èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni ibà pọ́njú, tí ojú ọmọ á pupa rúsúrúsú. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, tí wọ́n wá fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀, lè ní ibà pọ́njú tó le débi tó máa wọ inú ọpọlọ, tí ọmọ á sì máa lọ́ ara bó ṣe ń dàgbà. Kò túmọ̀ sí pé ẹjọ́ ti tán. Ìbéèrè ló yí padà: ta ló dá ọmọ sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò? Wákàtí mélòó ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó fi í sábẹ́ iná búlúù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ẹ má pe ẹjọ́ ìgbẹ̀bí lórí ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú, ẹ ó kàn fún wọn láyè láti rẹ́rìn-ín yín.

Apgar: nǹkan 5 ni wọ́n ń wò, 0 sí 2 fún ìkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 10. Ti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò sọ púpọ̀. Ti ìṣẹ́jú 5 àti 10 ni kí ẹ wò. Bó bá kéré pàápàá, òun nìkan kò tó ẹ̀rí.

MRI, àwòrán inú ọpọlọ, ṣe pàtàkì, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń dunni. Tí ìpalára bá wà láàárín gbùngbùn ọpọlọ, ó jọ pé afẹ́fẹ́ já lójijì, bí ìgbà tí ilé ọmọ bẹ́. Tó bá wà ní ààlà tí ẹ̀jẹ̀ iṣan kan ti ń pàdé ti òmíràn, ó jọ pé ó pẹ́ díẹ̀díẹ̀. Onímọ̀ lè fi èyí bá aago inú pátógíráàfù mu. Ẹ ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù kan bí ó bá ṣeé ṣe, kó tó di pé ẹnì kejì nínú ẹjọ́ ń sọ pé nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹnì kan máa béèrè nípa ìtutù, nítorí pé ó wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń mú ara ọmọ tutù dé bíi 33.5°C fún wákàtí 72, kí wákàtí 6 tó pé lẹ́yìn ìbí. Ní ilẹ̀ Òyìnbó, ìtọ́jú gidi ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí HELIX tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, Sri Lanka àti Bangladesh, tó jáde lọ́dún 2021, rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n mú tutù níbẹ̀ kú ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má gbé e síwájú adájọ́ Nàìjíríà pé "wọn ò mú ọmọ wa tutù" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn pàtàkì. Ẹ béèrè ohun tó rọrùn jù ú lọ: ṣé báàgì àti ìbomú tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ nínú wà nítòsí? Ṣé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́? Ta ló lò ó?

Àdùkẹ́_Ògbómọ̀ṣọ́

Ti ọmọ tí apá rẹ̀ kan rọ ńkọ́, tó kàn wà ní gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn?

AgbẹbíAlẹ́

Èjìká ọmọ ló há. Orí ti jáde, èjìká kò tẹ̀ lé e, wọ́n wá fa orí náà jù, iṣan ọrùn sì nà tàbí já. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n pe ìrànwọ́, kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ ìyá 2 sókè dé ikùn rẹ̀, kí ẹnì kan tẹ ìsàlẹ̀ ikùn lókè egungun ìdí. Kí wọ́n má tẹ òkè ikùn! Àwọn kan máa ń gun bẹ́ẹ̀dì láti tẹ ikùn ìyá. Ńṣe ni wọ́n ń ki èjìká ọmọ mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ wá aago tí orí jáde àti aago tí ara jáde nínú fáìlì, àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo apá rírọ ni àìbìkítà. Èjìká lè há lára ìyá tí wọ́n ṣe ohun gbogbo tó tọ́ fún. Ẹ yára gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ onífísíò. Tó bá di oṣù 3 tí kò tíì lè ká ìgúnpá, kí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ iṣan wò ó, torí iṣẹ́ abẹ náà lásìkò tirẹ̀. Ẹ má dúró de kóòtù kí ẹ tó tọ́jú apá.

Kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbí tó bá tó mílílítà 500 ti di pàjáwìrì. Ṣé wọ́n fún un ní oxytocin yúnìtì 10 ní kété tí ọmọ jáde? Ṣé wọ́n fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gíráàmù 1 kí wákàtí 3 tó kọjá? Ẹ ò rí i, iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kọ sínú fáìlì, ojú lásán ni wọ́n sábà fi ń díwọ̀n rẹ̀, ojú sì máa ń rí díẹ̀. Ẹ fi èsì PCV (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ara ṣe pọ̀ tó) ṣáájú àti lẹ́yìn wé ara wọn. Fún gìrì oyún, ẹ wá magnesium sulphate: gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti 10 sí ìdí, 5 sí ọ̀tún, 5 sí òsì, lẹ́yìn náà 5 ní wákàtí 4 sí 4. Kí wọ́n tó fún un ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ orúnkún, mímí àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ìyá tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ẹ má fi pamọ́: ó lè jẹ́ ọmọ tó pẹ́ ní ìdí, ó sì lè jẹ́ abẹ tó ṣèèṣì gé àpò ìtọ̀. Àkọsílẹ̀ tíátà ló máa fi ìyàtọ̀ hàn.

Lọ́yàÌsàlẹ̀Ọjà

Mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ohun tí Dókítà sọ. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbà pé "nǹkan náà hàn sí gbogbo ayé", ẹ ka ẹjọ́ Ojo àti Gharoro tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá lọ́dún 2006. Abẹ́rẹ́ abẹ ṣẹ́ sínú obìnrin náà. Fọ́tò X-ray fi hàn. Ó sì pàdánù láti kóòtù àkọ́kọ́ dé òkè. Kí ló dé? Kò mú onímọ̀ kankan wá tó máa sọ fún adájọ́ pé dókítà tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn mú tiwọn wá, pé abẹ́rẹ́ lè ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ra. Bí abẹ́rẹ́ nínú ikùn kò bá lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀, pátógíráàfù ò lè dá sọ̀rọ̀.

Ẹ ní láti mú nǹkan wọ̀nyí dé iwájú adájọ́: pé wọ́n jẹ yín ní ojúṣe ìtọ́jú, pé wọ́n kùnà rẹ̀, pé ìkùnà náà ló fa ìpalára, àti ohun tí ìpalára náà ná yín. Ẹni tó lè sọ ti èkejì ni dókítà àgbà nípa ìgbẹ̀bí, ẹni tó lè sọ ti ẹ̀kẹta sábà máa ń jẹ́ dókítà ọmọdé. Ẹ̀rí ẹlòmíì kò lè rọ́pò wọn. Dókítà ìlú kan náà kì í fẹ́ jẹ́rìí tako ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, torí náà ẹ wá a ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tàbí lára àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì. L'Ékòó, òfin kóòtù gíga ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí wọ́n búra sí sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi hàn pé ẹ ti gbìyànjú láti yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Kò sí pé ẹ máa pe ẹjọ́ lónìí kí ẹ wá ẹlẹ́rìí lọ́dún tó ń bọ̀.

Wọ́n á sọ pé ẹ ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù yẹn gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kò gbà kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú àìbìkítà. Wọ́n á tún sọ pé ìyá pẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kó tó dé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún lọ́yà yín kí wọ́n tó sọ ọ́ fún adájọ́. Aago tó dé ilé ìwòsàn lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sùn yín láti ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ owó kọ́kọ́ ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, abala 20 National Health Act sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ pàjáwìrì. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì.

BàbáÌbejì

Ẹ ṣé o, Lọ́yà. Àwọn kan ní MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, làwọn máa lọ, wọn ò fẹ́ kóòtù.

Lọ́yàÌsàlẹ̀Ọjà

Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń rà. MDCN wà fún dókítà. Ti nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni Nursing and Midwifery Council. Ẹ máa kọ ẹ̀sùn náà sínú ìwé ìbúra, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ olùwádìí á wò ó, bó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó di ti tírábúnà, ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ àwọn dókítà. Tírábúnà lè yọ orúkọ dókítà kúrò, ó lè dá a dúró fún ìgbà tí kò ju oṣù 6 lọ, ó lè bá a wí. Kò lè fún yín ní kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ni kò yẹ fún ìgbẹ̀bí, HEFAMAA ló ń bójú tó ìyẹn l'Ékòó. FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà ń gba ẹ̀sùn lórí ẹ̀tọ́ aláìsàn, ìwé ẹ̀tọ́ náà ti jáde láti 2018. Ẹ lè ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kìkì pé kò sí èyí tó ń dá aago oṣù 3 dúró nínú wọn.

Bí ìyá tàbí ọmọ bá kú, ọ̀rọ̀ òkú ṣáájú ọ̀rọ̀ ìwé. Èkó ní òfin kọ́rónà (coroner, ẹni tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn) láti 2007. Ẹbí lè béèrè pé kí wọ́n wádìí ikú náà. Kí wọ́n yẹ òkú wò kí wọ́n tó sin ín. Mo mọ̀ pé ó le fún àwọn tó ń sin òkú lọ́jọ́ kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè fipá mú yín. Àmọ́ tí ẹ bá ti sin ín, ìdí ikú yóò jẹ́ ohun tí ilé ìwòsàn bá kọ.

Peckham_Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ti ìlú Ọba ní kúkúrú, fún England àti Wales. Fáìlì: ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n ní láti fún yín. Ọjọ́: ìyá ní ọdún 3 láti ìgbà tó mọ̀ pé ìtọ́jú náà ló ṣe é léṣe, ti ọmọ kò bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi pé 18, torí náà ó ní àyè dé ọjọ́ ìbí 21, bí ọpọlọ rẹ̀ kò bá jẹ́ kó lè ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀, aago náà kì í rìn. Legal Aid, owó ìjọba fún ẹjọ́, ṣì wà fún ọmọ tí ọpọlọ tàbí iṣan rẹ̀ bàjẹ́ gan-an nínú oyún, níbi ìbí tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́. Láti oṣù kẹrin 2017 ni NHS Resolution, ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀sùn lórí ilé ìwòsàn ìjọba níbí, ti ní ètò tí ilé ìwòsàn fi ń fi irú ìpalára ọpọlọ bẹ́ẹ̀ tó wọn létí fúnra rẹ̀; ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́ láti ní lọ́yà tiyín.

Ẹjọ́ tí àwọn ìyá wa níbí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ti Montgomery, 2015, tó ti Scotland wá. Ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni, dókítà kò sọ fún un pé èjìká ọmọ lè há, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí 9 sí 10 nínú 100 ni ewu náà. Láti ìgbà náà, ewu tí ìyá náà máa fẹ́ mọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un, kì í ṣe èyí tí dókítà rò pé ó tó. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń yára sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá.

Àdùkẹ́_Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ owó lọ́yà ńkọ́ nílé, ẹ̀gbọ́n? Kí ni èèyàn á sì mú dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Lọ́yàÌsàlẹ̀Ọjà

Ní ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, òfin iṣẹ́ wa gbà kí lọ́yà gba ìpín nínú ohun tí ó bá rí gbà, kó jẹ́ iye tó bójú mu, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Owó ẹlẹ́rìí onímọ̀ àti MRI kò sí nínú rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó máa san án. Ẹni tí kò lágbára lè lọ sí Legal Aid Council, tàbí Office of the Public Defender l'Ékòó. Bí ilé ìwòsàn bá gbé owó gbà-má-bínú wá pẹ̀lú ìwé láti buwọ́ lù, ẹ má buwọ́ lù ú kí dókítà ọmọdé tó sọ ohun tí ọmọ náà máa nílò títí á fi dàgbà: físíò, kẹ̀kẹ́, oògùn gìrì, ẹni tó máa dúró tì í. Owó tí ẹ ti ná, kóòtù ń fẹ́ rìsíìtì rẹ̀ ní kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú bébà kan wá tí ẹ kọ aago sí lápá òsì àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí lápá ọ̀tún, láti ìgbà tí omi fọ́ títí dé ìgbà tí ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ìyá kọ tirẹ̀, kí ẹni tó bá a lọ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìjọ jókòó. Ibi tí aago wọn ò bá ti dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tún un ṣe.